Bí Baba Látìnì Ṣe Búlọ́ọ̀kù Gbogbo Ìlú

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ rí, tí ẹ mọ bí ìgbéraga ṣe ń rí tó bá wọ bàtà tó ń dán, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọ̀gá lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ̀yin náà ẹ jókòó, ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹlòmíì ni. Ó kàn jọ yín ni.

Ọkùnrin yìí ni ọ̀gá ọgbà òdòdó ìlú. "Alábòójútó Ọgbà" ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé irú orúkọ bíńtín bẹ́ẹ̀ kọ́rùn? Kò pẹ́ tó débẹ̀ tó ní kí wọ́n kọ tuntun sára ilẹ̀kùn òun: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ọ̀ràn Igi, Òdòdó, Koríko àti Ohun Gbogbo Tí Ó Ń Hù. Ilẹ̀kùn náà kò fẹ̀ tó, ni "Tí Ó Ń Hù" bá bọ́ sára ògiri. Lójú rẹ̀, "Ọ̀gá wa" ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Baba Látìnì ni.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Gbogbo ewéko ló ní orúkọ kan tí àwọn onímọ̀ fún un ní èdè Látìnì, kí onímọ̀ ibí àti onímọ̀ ọ̀hún lè mọ̀ pé ohun kan náà ni àwọn ń sọ. Ohun tó dáa ni, n kò bá a jà. Onímọ̀ tòótọ́ á lò ó níbi tó bá yẹ, á sì sọ máńgòrò tó bá ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ti ọ̀gá wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí ìpàdé kan lókè òkun, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe àwọn orúkọ wọ̀nyí, ó rí i bí gbogbo yàrá ṣe ń dákẹ́ rọ́rọ́ láti gbọ́, ó sì dùn mọ́ ọn dé ìdí ọkàn. Bó ṣe ti ibẹ̀ dé ló pàṣẹ: nínú ọgbà yìí, orúkọ Látìnì nìkan ni kí ẹnikẹ́ni fi pe ohunkóhun tó bá ń hù. Máńgòrò ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ó di Mangifera indica. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìbẹ́pẹ, Carica papaya ni kó sọ, tàbí kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ó gbé òfin náà délé pẹ̀lú. Ó ní kí ìyàwó òun bá òun fi Allium cepa díẹ̀ sí ẹyin tó ń dín. Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, obìnrin tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní tó bá jẹ́ àlùbọ́sà ló ń wá, kó sọ àlùbọ́sà. Kò sọ ọ́. Ó jẹ ẹyin náà lásán, ojú rẹ̀ le koko bí ẹni tó ń jìyà nítorí ìmọ̀.

Ẹ wo ibi tí òfin yìí bá wọn dé níbi iṣẹ́. Ẹ̀ka máńgòrò kan tó ti gbẹ ń dún ká, ká, ká lókè ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ ọ̀gá sí. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rí i, ó sáré wọ ọ́fíìsì, ó dúró níwájú tábìlì, ó ní, "Ọ̀gá, igi yẹn... igi má... igi man..." Baba Látìnì gbé ìka kan sókè, ó ní kó fara balẹ̀ kó pe orúkọ náà bó ṣe tọ́. Ọkùnrin náà ń làágùn, ó ń wá orúkọ kiri nínú orí rẹ̀. Ibi tó ti ń wá a ni gbogbo wọn ti gbọ́ gbàà níta. Òrùlé ọkọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ dé orí àga. Ẹ rò pé ọ̀gá bínú? Rárá o. Ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó yin ẹ̀ṣọ́ náà níwájú wọn pé bí ojú ṣe pọ́n ọn tó yẹn, orúkọ àwọn aláìmọ̀kan kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀ṣọ́ náà pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀, kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì ló wá kù. Ọgbà náà ní ojú-ìwé kan níbẹ̀, níbi tí ará ìlú ti ń rí àwòrán òdòdó. Ní àràárọ̀ ni Baba Látìnì ń gbé fọ́tò tuntun síbẹ̀: òun fúnra rẹ̀ lódindi, kóòtù tó gbé e níyì, òdòdó lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i, àti orúkọ Látìnì gbọọrọ nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan tó ń jẹ́ Ẹ̀rín-Ń-Pa-Mí kọ kọ́mẹ́ǹtì síbẹ̀. Kò bú u. Ó kàn ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ díẹ̀, ká rí òdòdó."

Ẹ gbà mí. Ọ̀gá wa ka ọ̀rọ̀ náà lákàtúnkà. Kò lè jẹun ọ̀sán. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ayé rí mọ̀ pé àwọn kan á sọ̀rọ̀, èèyàn á mú èyí tó wúlò níbẹ̀, á sì jẹ́ kí ìyókù kọjá. Òun kò mọ èyí tó ń jẹ́ kó kọjá. Ó pe akọ̀wé rẹ̀, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ sínú gbọ̀ngàn, ó ní kí wọ́n dìde dúró. Akọ̀wé gbé fóònù wọlé lórí àwo tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé, ó ka ẹ̀sùn Ẹ̀rín-Ń-Pa-Mí sókè. Baba Látìnì fi àtàǹpàkò tẹ fóònù náà pẹ́, ó búlọ́ọ̀kù onítọ̀hún, kó má baà lè fẹsẹ̀ kan ojú-ìwé náà mọ́ láéláé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ó di àṣà wọn. Bí ẹnìkan bá ti wí ohun tí kò dùn, àwo á jáde, gbogbo wọn á dìde, àtàǹpàkò á sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù nìkan ò tó o. Ẹni tó ti yọ òṣì kúrò lójú-ìwé gbọ́dọ̀ fi ọrọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó tún pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kọ ìyìn sábẹ́ ohunkóhun tí òun bá gbé jáde, kí wọ́n má sì dúró gbọ́ tán kí wọ́n tó kọ ọ́. Ìyìn ni kó ṣáájú. Ẹni tí ìyìn rẹ̀ bá pẹ́ dé, tàbí tó kọ ohun mìíràn tí kì í ṣe ìyìn, kó kẹ́rù ẹ̀ máa lọ ilé. Bí àwọn ológbà ṣe ju ọkọ́ sílẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n jókòó sí yàrá tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, tí wọ́n ń tẹ fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. "Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun." "Ọ̀gá wa, a ò rírú yín rí." Koríko ń ga níta, òdòdó ń gbẹ, ìyìn ń rọ̀ bí òjò.

Ẹ̀yin á ní kí ni gbogbo àṣeyẹ yìí wà fún. Ó nídìí. Olórí Ìlú ń wá igbákejì. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan ni, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ti láìkì fọ́tò ọgbà náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Baba Látìnì ti fi láìkì kan ṣoṣo yẹn kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sínú ọkàn rẹ̀. Ó ti yan aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá búra fún un, ó ti ń fi ohùn igbákejì Olórí Ìlú dáhùn "kàárọ̀". Tí ipò yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí òmíràn mọ́ fún ọkùnrin tọ́jọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ sí ìfẹ̀yìntì. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń bà á lẹ́rù.

Ibẹ̀ ló wà tó fi rí àwòrán kan nínú ìwé àwọn tó ń ta ewéko. Nínú abọ́ dígí ni wọ́n gbé e sí, iná tàn sí i lára, ó dà bí òdòdó tútù tó jókòó sórí omi. Wọ́n kọ Pistia stratiotes sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo orúkọ tó gún régé! Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì níwájú dígí. Àárín ọgbà náà ni adágún omi ńlá kan wà, tí àwọn ọmọ máa ń dúró létí rẹ̀ wo ẹja. Ó ní kí wọ́n bá òun ra Pistia yìí wá, káwọn fi ṣe omi náà lọ́ṣọ̀ọ́, kí Olórí Ìlú lè wá fi ọkọ̀ ojú omi yí i ká.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dà á sómi, ó pe ará ìlú jọ. Ó mú makirofóònù, ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì, ẹ̀yin tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń kọjá lọ. Kí n tó dé, omi lásán ni èyí. Ẹja ń wẹ̀ nínú rẹ̀ láìní ète kankan. Lónìí, mo fún ẹja ní ète."

Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n ṣí àpótí. Wọ́n ṣí i. Ó wo inú rẹ̀. 

Ojú oró ni. Ojú oró tí gbogbo wa mọ̀ ni, tó ń bo odò mọ́lẹ̀ títí ọkọ̀ kò fi ní ríbi gbà, tí àwọn èèyàn máa ń fi àdá àti àwọ̀n lé kúrò lójú omi wọn. Ọ̀gá wa ti bá wọn fà á nínú odò rí nígbà tó wà lọ́mọdé, ó mọ gbòǹgbò onírun rẹ̀ dáadáa. Iná àti abọ́ dígí ló tàn án jẹ. Ẹ̀yin náà ẹ ronú wò: makirofóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fún ẹja ní ète, gbogbo ojú ń wò ó. Ẹlòmíì á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ dákun, a ṣìnà, ẹ dá a padà." Gbogbo ìlú á bá a rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Baba Látìnì nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ dà á sí i."

Kò tíì dé ọ́fíìsì tí kọ́mẹ́ǹtì ti ń ya wọlé. "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ojú oró nìyẹn?" "Ojú oró lẹ fowó ìlú rà?" Àwo jáde. Àtàǹpàkò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wú. Ó búlọ́ọ̀kù ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ojú omi, tí wọ́n ní àwọn lè wá bá a kó o lọ́fẹ̀ẹ́. Ó búlọ́ọ̀kù ilé iṣẹ́ panápaná, tí wọ́n kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ohun náà máa ń mú ọkọ̀ lẹ́sẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ kọ ọ́ pé, "Ọkọ ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ tètè kó ojú oró yẹn kúrò." Ó búlọ́ọ̀kù ìyá náà.

Lọ́jọ́ yẹn, ìyàwó rẹ̀ bá a ní pálọ̀. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó níwájú rẹ̀.

"Dádì, ẹ búlọ́ọ̀kù ìyá mi?"

Ó ní ìyá lo orúkọ tí kò bófin mu.

"Ẹ wo ojú mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé ojú oró ni?"

 Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnìkan ń gbọ́. Ó ní, "Mo mọ̀. Tí mo bá fi ẹnu mi sọ ọ́, ipò yẹn ti lọ nìyẹn. Ta ló máa fi ẹni tó ra ojú oró ṣe igbákejì?"

Ìyàwó rẹ̀ ní ó sàn kí wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà lónìí ju kí wọ́n lé e lọ́la. Ó ní kó kó o kúrò nígbà tó ṣì kéré. Ó ní kó ro ti ara rẹ̀, kó ro ti àwọn ọmọ. Àánú rẹ̀ ṣe é gan-an, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ọ̀gá wa dìde, ó lọ wo dígí.

Ohun tó ń hù kò dúró de ẹnikẹ́ni. Kí oṣù tó yí, ojú oró ti gba ìdajì adágún náà. Olórí àwọn ológbà, obìnrin kan tó ti pẹ́ níbi iṣẹ́, wá bá ọ̀gá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó fi ọgbọ́n sọ̀rọ̀, ó ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí àwọn fi àwọ̀n wọ́ nǹkan yẹn kúrò kó tó dọjọ́ tí Olórí Ìlú ń bọ̀.

"Nǹkan wo?" ni Baba Látìnì bi í.

Obìnrin náà wo omi, ó wo ọ̀gá, ó ro owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, sà." Ó padà sídìí fóònù, ó lọ kọ ìyìn.

Ọjọ́ pé. Wọ́n to àga sétí omi, wọ́n pe àwọn afunfèrè, wọ́n gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó tóbi bí ilé sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Adágún ti di pápá tútù, omi kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Olórí Ìlú dúró, ó wò ó, ó bi ọ̀gá bóyá ọkọ̀ lè rìn lórí èyí. Baba Látìnì ní, "Màmá, Pistia yóò yà fún yín fúnra rẹ̀. Ó mọ ẹni ńlá." Wọ́n wọ ọkọ̀, àwọn méjèèjì àti awakọ̀. Kò sí àjẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, nítorí ọ̀gá ti ní kí wọ́n yọ ọ́, ó ní àjẹ̀ kò bá fọ́tò mu. Ó na fóònù sókè, ó tan láìfù sójú-ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ wo mí lórí omi!"

Ọkọ̀ lọ, ó lọ, ó dé àárín, ó húkọ́. Ẹ́ńjìnnì ké, ó kú. Awakọ̀ wo ẹ̀yìn, ó rí i pé gbòǹgbò ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ lọ bí òwú. Ó fà á, ó fà á, ọwọ́ rẹ̀ bó. Ojú oró ti padé mọ́ ẹ̀yìn wọn, iwájú wọn náà dí pa. Ọkọ̀ ń fẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀, omi ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ti wọ bàtà Olórí Ìlú.

Baba Látìnì juwọ́ sí etí omi. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbogbo wọn dorí kodò sí fóònù, wọ́n ń kọ ìyìn kí tiwọn má baà pẹ́. Ó pariwo. Fèrè bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wá rántí pé òun wà lórí láìfù. Ó fi ẹnu sún mọ́ fóònù, ó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ ọ́ kí Olórí Ìlú má gbọ́: "Ẹ wá gbà wá. Ọkọ̀ ti há. Omi ń wọlé."

Èsì wọlé kíá. "Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun." "Ẹ máa bá a lọ, Ọ̀gá wa." "Ọ̀gá wa, omi gan-an mọ̀ yín."

Ó wo ojú-ìwé náà lókè nílẹ̀, bóyá ó máa rí ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ yé. Kò sí. Gbogbo ẹni tó lè sọ ohun mìíràn ló ti tì sóde. Nígbà náà ni ẹ̀rù wá bà á ní tòótọ́.

Olórí Ìlú ti ń wò ó látìgbà náà.  Ó mú fóònù tirẹ̀, ó pe ọ̀gá panápaná, ó ní àwọn há sínú adágún ọgbà. Ó tan ohùn fóònù náà síta, gbogbo inú ọkọ̀ ló gbọ́ èsì. Ọ̀gá panápaná ní àwọn ń bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí Màmá má bínú, àwọn ti kọ̀wé nípa ohun tó wà lójú omi yẹn sójú-ìwé ọgbà, wọ́n sì búlọ́ọ̀kù àwọn, àwọn wá rò pé wọ́n ti wá nǹkan ṣe sí i. Ó bi wọ́n pé tí wọ́n bá ti kó ìyẹn kúrò, kí ló wá mú ọkọ̀ gan-an, kí àwọn lè mọ irinṣẹ́ tí àwọn máa kó dání.

Olórí Ìlú na fóònù sí ọ̀gá wa. "Ẹ dá wọn lóhùn."

"Pistia stratiotes," ni Baba Látìnì wí.

"Kí nìyẹn, sà? Okùn ni àbí irin?"

Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn. Awakọ̀ ti ń gbàdúrà. Láìfù ṣì wà lórí, gbogbo àwọn tó kù lójú-ìwé ń wò.  Baba Látìnì ní, "Ojú oró ni." Ọ̀gá panápaná ní kó tún un sọ, fèrè ò jẹ́ kí òun gbọ́. Ó tún un sọ, ó pariwo rẹ̀.

Panápaná dé pẹ̀lú àdá, okùn àti ọkọ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n gé ọ̀nà wọlé, wọ́n fà wọ́n dé èbúté. Fèrè ti dákẹ́. Olórí Ìlú gúnlẹ̀, omi ń ro lára aṣọ rẹ̀, ó dúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà. Kò gbé ohùn sókè.

"Nínú gbogbo yín, ta ló mọ̀ pé ojú oró ni nǹkan yìí, kó tó di òní?"

 Láàárín àwọn àlejò, ìyàwó ọ̀gá wa gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Olórí àwọn ológbà gbé tirẹ̀. Akọ̀wé gbé tirẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn ológbà, àwọn tó ń gbá ilẹ̀, gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè.

Olórí Ìlú yíjú padà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, "ẹ" ló máa ń fi bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Baba Látìnì wo gbogbo ọwọ́ tó wà lókè. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀.

"Ká ní o ò mọ̀ ni," ni Olórí Ìlú wí, "ǹ bá kọ́ ẹ. O mọ̀."

Ó kọjá lára rẹ̀, ó bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ipò igbákejì mọ́, kò sì sí ẹni tó ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé iṣẹ́ ọgbà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì nínú àpò tó tutù, ó fi lé akọ̀wé lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ wá mú un ní apá, wọ́n rìn jáde sí títì, wọ́n dúró de ọkọ̀ tí wọ́n máa wọ̀ relé.